Ẹrù Tí Adjara Gbé Wọlé

Bí ẹ bá dé Goro tí ẹ ní Adjara ni ẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé Adjara wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Konferáǹsì ni ẹ ń wá, ẹni tó ń da ewúrẹ́ pàápàá á na ọwọ́ sí ilé rẹ̀ fún yín. Oṣù tí àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ wa jókòó ìpàdé tí wọ́n pè ní Konferáǹsì ní Kútọnu lọ́dún 1990, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa sọ tinú rẹ̀, oṣù náà ni wọ́n bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àlejò ń jẹun, bàbá rẹ̀ gbé rédíò sétí, ó ń gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò dákẹ́ mọ́, àwọn ará ilé ní rédíò ọjọ́ yẹn ló kó ràn án, wọ́n sì sọ ọ́ ní Konferáǹsì. Orúkọ náà kò bí i nínú rí. Ó ní ìpàdé tó tún ìlú ṣe kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ó ka ìwé mẹ́fà, ó gba ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Latifou, awakọ̀ tó ń kó iṣu àti kajú láti Tchaourou lọ sí Kútọnu. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Latifou, ẹ̀rín rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Lọ́dún 2012 ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ohun tí à ń pè ní ordi, bọ̀ láti Kútọnu, èyí tí àwọn òyìnbó ti lò kù. Ó ní òun yóò máa fi wo bọ́ọ̀lù àti fíìmù. Ọjọ́ kejì ó tún wa ọkọ̀ lọ, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sórí àpótí. Kí ó tó padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ ti mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà lójú rẹ̀, ó sì ti fi ìka méjì tẹ orúkọ ọmọbìnrin wọn, Mounifatou.

Bintou, aládùúgbò wọn, ló fa èyí tó kù. Bintou fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Parakou, ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Tchaourou, ó sùn lọ. Ìgbà tó lajú, Savè ló wà, ọ̀nà tó yẹ kó kọjú sí ló kẹ́yìn sí. Wọ́n kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ sára rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á fún un? Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Adjara ní òun yóò máa kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Nígbà tí oṣù yẹn fi parí, obìnrin mọ́kànlá ló ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà Bintou.

Kò sí ìwé kankan tó fi Nàgó, èdè Goro, kọ́ni, nítorí náà Adjara jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń kọ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ń bí èkejì. Ọ̀kan dá lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, òmíràn dá lórí bí a ṣe ń ka ara páálí oògùn, òmíràn dá lórí ojú ọkọ̀, torí ti Bintou. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kìíní kò ju orúkọ ẹni lọ. Obìnrin tó bá wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní í dìde láì kọ orúkọ ara rẹ̀, ìbáà ṣe òru ni yóò bá a níbẹ̀. Adjara a máa sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a kọ ọ́, yóò sì kọ ọ́ síbi tó bá wù ú.

Latifou ló kọ́kọ́ ń ka gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Kíláàsì kejì ni òun ti fi iléèwé sílẹ̀. Bó bá ti ti ìrìn àjò dé, tó wẹ̀, tó jẹun, ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹ̀kọ́ tuntun síwájú rẹ̀. Á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á kà á sókè, Adjara á sì fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ. Bí ó bá kà á dé òpin, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bó bá ti yé èmi, ó ti yé gbogbo Goro nìyẹn."

Àṣìṣe kan wà tí Adjara ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ní Kútọnu ti kọ orúkọ Latifou sínú rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí Adjara bá kọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lábẹ́ pé Latifou ló kọ ọ́. Ó rí i. Abdel tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Tchaourou fi hàn án pé ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà láti yí i padà. Ó kọ̀. Obìnrin tí kò fi ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀ láti ọdún tó ti wọlé, tó jẹ́ pé Bàbá Mounifatou ló ń pè é, ṣé òun ni yóò wá wọ inú ẹ̀rọ lọ pa orúkọ náà rẹ́, kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò? Ó ní ta ni yóò tilẹ̀ yọjú wò ó. Ìwà ọmọlúàbí ni ó pè é, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, títí ẹ̀kọ́ náà fi di mọ́kàndínlógójì.

Lọ́dún 2018, àìsàn ẹ̀dọ̀ mú Latifou. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ bọ̀ wálé. Adjara wọ inú opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, kò gbọdọ̀ jáde láìnídìí. Inú oṣù kẹta ni ọkùnrin kan wá láti Parakou, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn àgbà tó fẹ́ mọ̀wé. Ó ti gbúròó ẹ̀kọ́ Goro. Seidou, ẹ̀gbọ́n Latifou, ló gbà á lálejò.

Seidou yìí, ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ á ti wọlé kí òun tó wọlé. Ó máa ń fi ṣe fáàrí pé òun kò jókòó lórí àga iléèwé rí, pé kéwú pàápàá òun sá fún, síbẹ̀ kò sí ohun tí àwọn tó kàwé ní tí òun kò ní. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò dùn mọ́ ọn rí. Ó ní àwọn obìnrin ń fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, wọ́n ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn padà.

Àlejò ṣí kọ̀ǹpútà lójú Seidou, ó tẹ ibì kan, ó ní, "Ah, voilà. Latifou ló kọ ọ́. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Adjara sọ̀rọ̀ láti inú yàrá tó ti ń ṣe opó pé, "Mùsíyé, èmi ni mo kọ ọ́."

"Madame, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ordi wí nìyí." Ó ní òun yóò padà wá kí ẹbí lè tọwọ́ bọ̀wé.

Nígbà tó lọ tán, Seidou dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ìyàwó, ìwé àbúrò mi ni. Ìwé ẹbí ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, àwa la ó mọ ẹni tí yóò fi kọ́ni, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà mọ́. Ọjọ́ kejì tí o bá bọ́ aṣọ opó la ó pín ogún. Ordi àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tèmi ni."

Inú bí Adjara débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó bínú sí Seidou, ó bínú sí ẹ̀rọ, ó tún bínú sí ara rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn kọ orúkọ wọn, òun gan-an tó ń kìlọ̀ kò kọ tirẹ̀.

Ọjọ́rú ló jáde opó. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, ó fi ìró so kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà zémì kan, ó di Tchaourou.

Ṣọ́ọ̀bù Abdel wà lẹ́bàá ojú irin, níbi tí àwọn onízémì máa ń tò sí. Abdel jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ pé kó jẹun.

"Tata, kí ló ṣe é?" Abdel ló bi í, bí ọmọ ṣe ń bi àǹtí rẹ̀.

"Kò sí ohun tó ṣe é. Kó iṣẹ́ mi sórí klé, fláàṣì kékeré yẹn, fún mi, kí o wá sọ ẹ̀rọ di bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é."

"Ká réinitialisé ẹ? Bon, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní á gbálẹ̀ ilé, kò ní í fọwọ́ kan ẹrù onílé. Èkejì á kó gbogbo ẹrù dànù, á tún ilé kùn."

"Èkejì ni mo fẹ́."

Abdel wò ó. Gbogbo Tchaourou ló ti gbọ́ ohun tí Seidou ń sọ kiri. "Tata, ẹ jẹ́ kí n kàn dà á kọ sórí klé, kí ti inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò ní í sí ìjà."

"Ìjà á wà. Bí ó bá wà nínú rẹ̀, orúkọ tí ẹ̀rọ kọ sí i ni wọn á máa nà sí mi lójú. Ọmọ kan kì í ní ìyá méjì, Abdel."

"Tonton Seidou á wá fọ́ tábìlì mi."

"Sọ fún un pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. O ò ní í parọ́, torí èmi fúnra mi ni n ó tẹ̀ ẹ́."

Abdel mú klé kan jáde, kékeré bí ìka ọmọ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ mọ́kàndínlógójì wọlé sí i, àwòrán Mounifatou láti kékeré wọlé, ohùn Latifou tó ń kàwé náà wọlé. Bọ́ọ̀lù àti fíìmù dúró sẹ́yìn. Abdel wá fi ibi tí orúkọ fara pamọ́ sí hàn án, ó ní òun mọ ọgbọ́n kan tí òun lè fi yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Adjara ní rárá. Ó ṣí wọn lórí klé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pa Latifou rẹ́, ó ń kọ Adjara, lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógójì. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tó parí, ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́ pé: Ẹni tó kọ́kọ́ kà á ni Latifou. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó wò ó títí, omi bọ́ sórí bọ́tìnnì, Abdel sì wá ohun tó ń ṣe níta. Ọkọ rẹ̀ dùn ún. Ó dùn ún pé ó lọ, ó tún dùn ún pé irú ẹ̀gbọ́n yìí ló fi í lé lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó pe Abdel wọlé. Ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Adjara tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún béèrè bóyá ó dá wọn lójú. Adjara ní ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju òun Konferáǹsì lọ, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Seidou pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jẹ́ kó máa dún. Nígbà tó dé ọ̀kànlélọ́gọ́ta, iná lọ ní gbogbo Tchaourou. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti darúgbó, kò lè gbé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá sì kú láàárín, kò ní í dára fún ẹnikẹ́ni. Abdel sáré lọ tan gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá aránṣọ ìtòsí, Adjara sì ń fa wáyà tẹ̀ lé e, ó ń bá àwọn onízémì wí pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà tún ń gòkè lọ.

Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, ojú ẹ̀rọ kí wọn káàbọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Abdel dáhùn ìbéèrè orílẹ̀-èdè, ó dáhùn ti bọ́tìnnì. Ibi orúkọ ló kàn. Ó na ọwọ́.

Adjara ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni kó dá a lóhùn." Wọ́n jẹ́ kí bátìrì gba iná díẹ̀ sí i, ó pa á dé, ó so klé mọ́ eteetí ìró rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń so obì mọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Oumarou ni wọ́n ti ń pín ogún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni àgbà ẹbí, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ṣú. Àwọn obìnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kóra jọ sí ẹ̀yìn ọgbà, Bintou ló ṣíwájú wọn. Ní Goro, a kì í fọwọ́ kan ẹrù òkú kí ìyàwó tó kó tirẹ̀ kúrò. Ohun tí obìnrin bá gbé wọlé ọkọ, òun ni yóò gbé e jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a dá sí i. Bàbá Oumarou ní, "Ìyàwó, kó ẹrù tìrẹ sí ọ̀tún."

Adjara kó ìkòkò mẹ́ta sí ọ̀tún, ó gbé odó àti ọmọ odó, ó to abọ́ tánganran mẹ́fà. Ó wá tú eteetí ìró rẹ̀, ó gbé klé sórí abọ́ tó wà lókè.

"Kí ni mo gbọ́ tó dún yẹn?"

"Ẹrù mi ni, Bàbá."

Seidou kò wo ibẹ̀. Ó ti fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣí i, ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ní búlúù. Kò rí àwòrán ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ tó máa ń wà níbẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún.

"Níbo ni ìwé wà?"

"Ìwé wo, Tonton?"

"Ìwé àbúrò mi!"

"Bàbá Mounifatou ra ẹ̀rọ yìí ní Kútọnu. Ọjọ́ tó gbé e dé, kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe rà á gẹ́lẹ́ ni mo dá a padà fún yín. Ààrò yín ni. Mo gbé ìkòkò mi kúrò lórí rẹ̀. Àbí kí n da ọbẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ààrò ni?"

Seidou dìde. Ó ní olè ni, ó ní ogún ni obìnrin náà jí, ó ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí lójú àlejò. Adjara kò jókòó. Láti ẹ̀yìn ọgbà, Bintou ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ ẹni tó kọ́ mi."

Bàbá Oumarou gbé ọwọ́ sókè. "Seidou, ìwé tí ò ń bínú lé lórí yìí, kí ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀?"

Seidou yí ojú sí ẹ̀rọ, ó tún tẹ ibì kan.

"Ìyàwó?"

"Ó ní kí èèyàn kọ orúkọ ara rẹ̀, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹrù obìnrin kì í wọ ogún. Kó wà lọ́tùn-ún. Seidou, o ní ordi ni o fẹ́, wọ́n ti gbé ordi fún ọ."

Seidou padà jókòó. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ sì wà lórí itan rẹ̀, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni ó kọ síbí yìí?"

Adjara tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Ó ń béèrè orúkọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, kò ní í ṣílẹ̀kùn."

Ìka Seidou dúró lókè bọ́tìnnì. Gbogbo ìwé tó ti tọwọ́ bọ̀ láyé rẹ̀, àtàǹpàkò ló fi tọwọ́ bọ̀ wọ́n. "Ìyàwó, bá mi kọ ọ́."

"Rárá, Tonton. N kò ní í jẹ́ kí wọ́n bá mi kọ tèmi mọ́, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni kọ tirẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Alásàrì, lábẹ́ àtíbàbà Bintou. Ẹ̀kọ́ kìíní ni. Ẹ gbé e dání bọ̀."

Ó so klé padà mọ́ ìró, ó gbé ìkòkò lé orí, Bintou wọlé wá bá a gbé odó, wọ́n jáde. Seidou kò dìde. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀ títí bátìrì fi tán, ibi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ sí sì ṣófo.